Ọjọ́ Méjì ní Bìní, Ọjọ́ Mẹ́ta Létí Òkun

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ kú òjò, ẹ kú àìrí ara wa láti ìgbà tí ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Dáyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, àti ìyàwó wọn. Mo kí Àǹtí Rẹ̀mí, àbúrò bàbá wa, tí wọ́n máa ń bá yín ka lẹ́tà. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, ẹ má sì fo ibì kankan. Mo kí gbogbo ará Ilé-Olújì tó bá béèrè mi lọ́wọ́ yín.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí Ṣadé ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹgbẹ́ àwa obìnrin tó ń sọ Yorùbá ní ìjọ wa níbí ló ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pín lẹ́yìn ìsìn. Mo kọ́kọ́ ní n ò ní í kọ nǹkan kan, torí ohun tó wà lọ́kàn mi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kó síta. Nígbà tó yá, mo wo àwọn ìyá ọlọ́mọ tó jókòó yí mi ká, mo rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi lè máa ṣẹlẹ̀ nílé tiwọn náà, kí wọ́n má sì mọ̀. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọmọ mi kí n tó mú bírò. Ẹ̀yin ni n ò tíì gba àyè lọ́wọ́ yín. Ẹ forí jì mí.

Ara wa le. Òjò Bìní ọdún yìí kò fẹ́ sinmi. Tó bá ti rọ̀ mọ́jú, àwa tí à ń gbé ní Upper Sakponba á bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí a tó dé ojú títì. Iṣẹ́ kọ́tìnì ń lọ. Láti ìgbà tí mo ti kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí Siluko Road ni àwọn onílé àlejò tó wà ní Airport Road ti ń gbé aṣọ ojú fèrèsé wọn wá fún mi. Mo ti rán aṣọ fún yàrá àlejò lóríṣiríṣi ní Bìní yìí, Màámi, èmi fúnra mi ò sì tíì sun ọ̀kan nínú wọn rí. Owó tó ń wọlé kò pọ̀, àmọ́ a ń jẹun, a ń san owó ilé ìwé, nǹkan díẹ̀ sì ń ṣẹ́ kù.

Ohun tí n kì í sọ fún yín lórí fóònù ni pé Yorùbá ń gbẹ lẹ́nu mi. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Pidgin ni mò ń sọ, àti pẹ̀lú oníbàárà, àti pẹ̀lú ẹni tó ń ta òwú, àti pẹ̀lú ẹni tó gbé mi lọ sílé. Nígbà mìíràn mo máa ń rí ìyá kan tó wé gèlè gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, màá sì fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, kí n kàn lè gbọ́ kí ó ní "ẹ kú iṣẹ́ o". Bàbá Ìbùkún náà, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú yàrá ìwádìí ní yunifásítì ni wọ́n máa ń wà, òyìnbó ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Tí àwa méjèèjì bá délé, á ti rẹ̀ wá, èdè tó bá sún mọ́ ẹnu la fi ń pe ọmọ. Bí Ìbùkún ṣe pé ọmọ ọdún méjìlá nìyẹn. Ó gbọ́ "wá jẹun", ó gbọ́ "lọ wẹ̀". Tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti pòórá mọ́ ọn létí.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìkórè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ní ẹ ó lò. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ ní kí n sin yín dé gáréèjì, pé ẹni tó ń bá yín sá kòkó kò mọ̀ ọ́n sá, pé kòkó á bu. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Inú tilẹ̀ bí mi díẹ̀. Mo délé, mo ń sọ fún ọkọ mi pé Màámi fẹ́ràn kòkó ju àwa lọ. Nígbà tí mọ́tò yín ń gbéra, ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ juwọ́ sí mi, ẹ sì rẹ́rìn-ín. N ò mọ̀ pé ẹ ń gbé nǹkan lọ lọ́kàn.

Oṣù mélòó kan kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, a ń jẹun, mo sì ń ròyìn ìgbà tí ẹ ń ta ọsàn ní Ọ̀rẹ̀. Mo sọ bí àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ láti Bìní àti Wàrì ṣe máa ń dúró lọ́dọ̀ yín, bí ẹ ṣe ń bá wọn ná ọjà ní Pidgin, bí ẹ sì ṣe ń fi Pidgin kan náà bú ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ, títí gbogbo gáréèjì á fi máa rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi ṣe é. Bàbá Ìbùkún ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe rí i tí ọmọ náà fi ṣíbí sílẹ̀. Ó bi mí bóyá Grandma gbọ́ Pidgin ni. Mo ní ẹ gbọ́ ọ ju òun lọ. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo rò pé inú ló ń run ún. Nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́, ó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ní ọjọ́ kẹta tí ẹ dé, lọ́sàn-án, nígbà tí èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó ti òun ní pálọ̀, ẹ ń sọ ìtàn bí ẹ ṣe bí mi lójú ọ̀nà oko fún òun. Òun sì ń bá ọ̀rẹ́ òun kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ náà béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe sọ èsì tó fún un fún mi ni mo ṣe kọ ọ́ yìí: "Na my grandma. I no dey hear wetin she dey talk. She just dey disturb me. I no know the day she go go." Ó ní ẹ dákẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹ dìde, ẹ lọ ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì. Òun rò pé ìtàn ti parí ni. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ẹ ní kòkó ń dúró dè yín.

Màámi, orí ilẹ̀ ni mo jókòó sí. N ò lè bá ọmọ wí. Ta ni mo fẹ́ bá wí? Èmi ni mo bí i, èmi náà ni n ò sì fún un ní èdè tí ì bá fi mọ ẹni tó jókòó tì í. Ẹ̀yin gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ gbé e mì, ẹ wá di ẹ̀bi ru kòkó, kí n má baà na ọmọ. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn tí à ń pe ara wa lórí fóònù, ẹ kò jẹ́ kó hàn lóhùn yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo pè yín, mo sì gbé fóònù fún un pé kó bẹ̀ yín. Ẹ rántí. Ọ̀sán ti pọ́n, òun ń kí yín pé ẹ káàárọ̀, lẹ́yìn náà kò lè sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ súre fún un, ẹ ní kò sí nǹkan kan, ẹ sì gbé fóònù fún Àǹtí Rẹ̀mí. Ìbùkún dá fóònù mi padà fún mi, ó ní irọ́ ni, nǹkan wà, pé òun fẹ́ kí ẹ tún wá. Mo ní ẹni tó bá ti fi ọgbẹ́ ọkàn jáde nílé ẹni, a kì í kàn pè é pé kó padà wá jókòó sórí àga kan náà. Ó ní ká mú yín lọ síbi tó dáa nígbà náà. Ó wá bi mí léèrè ohun tí Grandma fẹ́ràn.

Mo mọ ohun tí ẹ máa ń sè fún wa. Mo mọ ohun tí ẹ tà kí a lè kàwé. Mo mọ orúnkún tó ń dùn yín. Àmọ́ ohun tí ẹ fẹ́ràn fún ara yín, tí kò kan ọmọ kankan, n ò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ mo ti lé ní ogójì ọdún. Ojú tì mí. Mo pe Bọ̀ọ̀dá Dáyọ̀. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní ohun kan ṣoṣo tí àwọn rántí ni pé nígbà tí ẹ ń ta ọsàn, obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín máa ń sọ fún yín pé omi kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí èèyàn kì í rí òdì kejì rẹ̀. Ẹ ní irọ́ ló ń pa. Ẹ ní lọ́jọ́ tí àbíkẹ́yìn yín bá parí ìwé, ẹ ó lọ fojú ara yín wò ó. Màámi, èmi ni àbíkẹ́yìn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti parí ìwé, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó rántí pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní oníbàárà kan ní Airport Road tí à ń pè ní Ìyá Ẹniọlá. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin kan sí abúlé wọn létí òkun, ó sì ń fi gba àlejò. Ó ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n wá wọn àwọn fèrèsé ibẹ̀, torí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti jẹ irin tí wọ́n fi kọ́ kọ́tìnì. Jíjìn ọ̀nà ni mo fi ń ṣe àwáwí. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbà. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, mo mú Ìbùkún dání, kí àwa méjì kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà ká tó pè yín sí i.

Kùtùkùtù ni a wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀rẹ̀, a gba Òkìtìpupa dé Ìgbòkòdá, níbẹ̀ la ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n fún oníkálukú ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Gbogbo àwọn yòókù nínú ọkọ̀ mọ ara wọn, Ìlàjẹ ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Èmi gbọ́ ìdajì. Ìbùkún ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí omi gbé ọkọ̀ sókè tó sì jù ú sílẹ̀, ó lọgun. Gbogbo wọn wò ó, ẹnì kan sọ nǹkan, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, àmọ́ mo rí ojú ọmọ mi. Ìyá àgbàlagbà kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ka ẹsẹ̀ sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò dákẹ́ títí a fi gúnlẹ̀. Ìbùkún ò mọ ohun tí ìyá náà ń sọ, àmọ́ kò já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

Mo wọn fèrèsé, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo wá jáde lọ bá Ìbùkún lórí yanrìn. Òkun ń ru bọ̀, ó ń padà. Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn kò purọ́ fún yín, Màámi, kò sí òdì kejì. Ìbùkún bi mí, kò wojú mi: "Mummy, na so e be for Grandma for our house?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá sọ pé kò tiẹ̀ tún sí ẹni tó di ọwọ́ ti Grandma mú. A jókòó síbẹ̀ títí Ìyá Ẹniọlá fi ránṣẹ́ pè wá pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti dé ló ti ń kọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ra ìwé kan, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, bàbá rẹ̀ ń bá a fi àmì ohùn sí i. Òun àti bàbá rẹ̀ ò tíì jókòó pa pọ̀ báyẹn rí, èyí gan-an ń dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn ìsìn, á dúró ti àwọn ìyá ìjọ, á máa dán an wò. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún wọn pé òun àti ìyá òun àgbà fẹ́ lọ wá ọkọ ní Ìgbòkòdá. Ọkọ̀ ló fẹ́ pè. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n là á yé e. Bí wọ́n bá fi í rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ilé ni ì bá sá lọ.

Ètò ìrìn àjò náà, òun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, èmi kàn ń sọ ibi tí kò ní í ṣeé ṣe fún un ni. Ẹ ó lo ọjọ́ méjì ní Bìní. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ ó sùn tó. Ẹ kò ní í ṣa ẹ̀wà, ẹ kò sì ní í wọ kíṣìnnì, mo ti sọ fún gbogbo ilé. Lọ́jọ́ kejì, Ìbùkún á mú yín lọ sí àdúgbò àwọn tó ń fi idẹ ṣe ère, kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń da idẹ gbígbóná. Ó fẹ́ kí ẹ tún rí yàrà tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ yí ìlú ká. Mo ní ẹsẹ̀ yín ò lè rìn jìnnà, ó ní mọ́tò á dé ẹ̀bá rẹ̀, òun ti lọ wò ó. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní òpópónà wa fẹ́ rí yín, wọ́n ní àwọn á se ọbẹ̀ dúdú àwọn ará Bìní fún yín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, a ó gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lọ. Ẹ ó rí ibi tí ẹ ti ń ta ọsàn, tó bá ṣì ṣeé dá mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko létí òkun. Yàrá yín wà nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn méjì péré ló ní. Ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kọ́tìnì tó wà ní fèrèsé yín, aṣọ funfun ni, èmi ni mo rán an, mo sì ti lọ fi í kọ́. Tí ìgbì bá le lọ́jọ́ tí a dé Ìgbòkòdá, a kò ní í wọ ọkọ̀, a ó sun ibẹ̀, a ó dúró de omi. N ò ní í kánjú gbé yín sórí omi nítorí ìfẹ́ inú mi. Tí a bá sinmi tán, èmi fúnra mi ni màá mú yín gba Oǹdó padà sí Ilé-Olújì.

Bọ̀ọ̀dá Dáyọ̀ ní kí ni ará ilé á sọ, pé ilé ìyá wa ń jò, a wá ń gbé e lọ gba atẹ́gùn. Bọ̀ọ̀dá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. A ó jọ tún òrùlé ṣe, ẹ mọ̀ pé n kì í sá fún tèmi. Àmọ́ òrùlé lè dúró dè wá di ẹ̀ẹ̀rùn. Orúnkún Màámi ò ní í dúró. Mo rántí bàbá wa, bí a ṣe ń sọ lọ́dọọdún pé a ó mú wọn lọ kí ọ̀rẹ́ wọn ní Ìbàdàn, títí tí ọ̀rẹ́ náà fi wá sí ìsìnkú wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣe eléyìí.

Màámi, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, àmọ́ ẹ kò rí i. Ìbùkún fúnra rẹ̀ fi fóònù pè yín, kò sọ fún mi. Àbọ̀ ilé ìwé ló yà sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń ránṣọ lọ́wọ́, mo kàn ṣàdédé gbọ́ tó ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá Àgbà." Mo pa ẹ̀rọ. Ó ti kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé. Ó ní òun sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí yín, pé òun ò mọ̀ pé ẹ gbọ́, pé bí ẹ ò bá tiẹ̀ gbọ́, kò yẹ kí òun sọ ọ́. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wá, kí ẹ wá parí ìtàn ojú ọ̀nà oko yẹn fún òun. Níbi tó ti fẹ́ sọ pé òun máa di ọwọ́ yín mú nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ wọ́n ọn lẹ́nu. Ó wo ìwé, kò sí níbẹ̀, ó wò mí.

Ẹ wá dá a lóhùn, ohùn yín sì jáde ketekete nínú fóònù: "My pikin, I don hear. E don finish. I go come."

Ilẹ̀ ni ó jókòó sí, láàárín àjákù aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Obìnrin tó wá gba kọ́tìnì rẹ̀ béèrè bóyá ẹnì kan kú ni. Mo ní rárá, ìyá mi ló ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí Àǹtí Rẹ̀mí bá yín wo ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ fi tó mi létí. Oògùn orúnkún yín nìkan ni kí ẹ mú dání. Tí ẹ bá dé, tí ọmọ yìí bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tàbí tí ó sọ èyí tí kò yé yín, ẹ má wojú mi pé kí n túmọ̀. N ò ní í túmọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni màá jókòó sí, màá fi iwájú sílẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì.

Kí Ọlọ́run pa yín mọ́ fún wa, kí ó fún ẹsẹ̀ yín lókun, kí ó má fi àárẹ̀ ṣe ìdíwọ́ fún yín. Gbogbo ẹni tó bá bá yín gbọ́ lẹ́tà yìí, ire tiwọn náà á dé bá wọn nílé. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹbí, àtẹni tó rántí mi, àtẹni tó ti gbàgbé. Bàbá Ìbùkún kí yín tọwọ́tẹsẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọláṣadé